Ọkọ̀ ńlá ń pọ̀ sí i lójú òkun Èkó: báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ewu rẹ̀, ta ni wọn ò sì kà mọ́ ọn?

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí láti Tarzan Jetty ní Victoria Island lọ sí Tarkwa Bay á mọ ibi tí mo ń sọ yìí. Ẹ ò ní tíì jókòó dáadáa tí ẹ ó fi bá ara yín lójú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá ń gbà wọ Apápá àti Tin Can. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, bí a ṣe ń súnmọ́ àárín omi ni ẹni tó ń wa ọkọ̀ wa dín ẹ́ńjìnnì kù, ó ní ká jókòó jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ kọ̀nténà kan ló ń bọ̀ láti ẹnu òkun, ó ga bí ilé alájà mẹ́wàá, kò sì pariwo. Ó kọjá. Kò pẹ́ sí i ni ìgbì tó dá sílẹ̀ dé bá wa, ó gbé ọkọ̀ wa sókè, ó tún jù ú sílẹ̀, ìyá kan tó gbé garawa ẹja sẹ́sẹ̀ pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ló bi awakọ̀ pé, "Ṣé àwọn tó wà lókè yẹn tiẹ̀ rí wa ṣá?" Awakọ̀ dá a lóhùn pé, "Mọ̀mí, èmi ni mo rí wọn."

Ìdáhùn yẹn ni mo gbé padà wá sí yàrá ìròyìn wa, mi ò sì tíì gbé e sílẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ń pọ̀ sí i lójú omi wa, ìyẹn ò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ewu tó ń bá pípọ̀ yẹn rìn, báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Kí ni wọ́n ń kà, kí sì ni wọ́n ń fò? Ọ̀rọ̀ ìṣirò ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sá fún mi, kò le ju ìṣirò èrè ọjà lọ.

Kí ló yí padà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Lẹ́kí. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí Lekki Deep Sea Port ní Ìbejú-Lẹ́kí, nígbà tó sì di oṣù kẹrin, ọkọ̀ ti ń já ẹrù níbẹ̀ ní pẹrẹu. Omi ibẹ̀ jìn tó mítà 16.5. Ti Apápá àti Tin Can kò jìn tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé àwọn ọkọ̀ kọ̀nténà kan tó jẹ́ pé òkèèrè ni wọ́n ti máa ń wo Èkó tẹ́lẹ̀ ti ráyè wọlé báyìí. Oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote nítòsí ibẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gbé epo rọ̀bì wá fún un, ní oṣù Kejìlá 2023, àgbá mílíọ̀nù kan ló gbé. Ẹ wo ìyẹn dáadáa: àgbá mílíọ̀nù kan kò tó iṣẹ́ ọjọ́ méjì fún ilé iṣẹ́ yẹn tó bá ń ṣiṣẹ́ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àfi kí ọkọ̀ máa tẹ̀lé ọkọ̀. Epo tí wọ́n bá sì fọ̀ tán, ojú omi náà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà jáde.

Àwọn ọkọ̀ tó ń gbé epo rọ̀bì wá yìí kì í wọ èbúté. Ojú agbami ni wọ́n ti ń so ara wọn mọ́ ohun ńlá kan tó léfòó sójú omi, páìpù tó gba abẹ́ òkun á sì fa epo náà lọ sí ilẹ̀.

Gbogbo èyí kò bọ́ sí ibi òfìfo. Àwọn apẹja ti wà ní etíkun yẹn tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Free Trade Zone. Láti Àgbádárìgì títí dé Ìbejú, títí wọ ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn Ẹ̀gùn, àwọn Ìlàjẹ àti àwọn mìíràn ń da àwọ̀n. Tí ẹ bá sì yíjú sí ìwọ̀ oòrùn, Kútọnu àti Lómé wà níbẹ̀. Omi èbúté Lómé jìn bíi ti Lẹ́kí. Ọkọ̀ ńlá máa ń já kọ̀nténà síbẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ tó kéré sí i láti pín káàkiri etíkun, Èkó sì wà lára ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Iwájú wa níbí ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà kọjá.

Láyé àtijọ́ kò rí báyìí. Òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́nu òkun Èkó kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé, ojú òkun níta ni wọ́n ti ń sọ èrò àti ẹrù kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré. Ọdún 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sínú òkun, èyí tí à ń pè ní mole títí dòní, kí ọ̀nà lè jìn. Láti ìgbà náà wá, kí ọkọ̀ tó tóbi ju ti àná lọ lè ráyè wọlé ni ọ̀pọ̀ àtúnṣe èbúté wa dá lé.

Ọkọ̀ di ìlọ́po méjì, ewu di mélòó?

Ibi tó ń ṣi èèyàn lọ́nà nìyí. A máa ń rò pé tí ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ewu náà á di ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọkàn yàwòrán ibi ìnáwó. Tí èèyàn mẹ́wàá bá wà ní yàrá kan, tí kálukú sì bọ gbogbo àwọn yòókù lọ́wọ́, ìbọwọ́ 45 ló máa wáyé. Tí wọ́n bá di ogún, ẹ lè rò pé ìbọwọ́ á di 90. Rárá o, 190 ni. Èèyàn di ìlọ́po méjì, ìbọwọ́ lé ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí ọkọ̀ ṣe ń pàdé ọkọ̀ lójú omi nìyẹn. Lóòótọ́, gbogbo wọn kọ́ ló máa pàdé ara wọn, ṣùgbọ́n bí iye ìpàdé náà ṣe ń fò sókè kò yàtọ̀.

Àwọn onímọ̀ wá pín ìṣirò náà sí apá méjì. Apá kìíní: ká ní kò sí atukọ̀ kankan tó ń yà, tí ọkọ̀ kálukú kàn ń lọ tààrà bí afọ́jú lórí ọ̀nà rẹ̀, ìgbà mélòó lọ́dún ni ọkọ̀ méjì máa forí sọ ara wọn? Apá kejì: nínú gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó ni atukọ̀ ò ní yà lásìkò? Bóyá oorun gbé e lọ. Bóyá ó ń wo fóònù. Bóyá ẹ́ńjìnnì kú. Bóyá òun àti ẹnì kejì jọ yà sí ọ̀nà kan náà, bí èèyàn méjì ṣe máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Yahei Fujii, onímọ̀ ará Japan, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí ní nǹkan bí 1970, nọ́ńbà tí òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e rí kò sì jìnnà síra: nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní IWRAP, tí àwọn aláṣẹ ojú omi ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, orí ìpìlẹ̀ yìí náà ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà gbé e wò. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe ti èbúté kankan. Ká ní ìgbà 5,000 lọ́dún ni ọkọ̀ méjì máa ń wà lójú ọ̀nà àtiforí sọra níbì kan. Ẹ pín in sí ọ̀nà 10,000, ìdajì ló máa jáde, ìyẹn ìjàǹbá kan láàárín ọdún méjì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ di ìlọ́po méjì wàyí: ìgbà 5,000 yẹn á di 20,000, ó di ìjàǹbá méjì lọ́dọọdún. Láti ẹyọ kan lọ́dún méjì sí méjì lọ́dún kan! Bẹ́ẹ̀ kò sí atukọ̀ kankan tí ìwà rẹ̀ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ẹ máa mú tí ẹ máa sọ pé òun ló fà á. Pípọ̀ ọkọ̀ nìkan ni.

Nítorí náà, tí aláṣẹ kan bá bọ́ sórí rédíò, tó ní kò sí ìjàǹbá ńlá kankan láti ọdún mẹ́wàá, ẹ bi í pé ọkọ̀ mélòó ló ń kọjá lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Mo ń bá ara mi wí náà o, torí àwa oníròyìn gan-an máa ń gbọ́ irú gbólóhùn yẹn, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun.

Àwọn ará Baltimore ní Amẹ́ríkà ti rí ti wọn. Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Maryland, àwọn kan nínú yín tó ń ka èyí sì ti gba orí afárá yẹn rí. Ní 26 oṣù kẹta 2024, ọkọ̀ kọ̀nténà kan tó ń jẹ́ Dali, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 300, pàdánù iná mọ̀nàmọ́ná bó ṣe ń jáde kúrò ní èbúté, ó sì lọ kọlu òpó afárá Francis Scott Key. Afárá wó. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń tún ojú títì orí rẹ̀ ṣe lóru yẹn kú. Ọdún 1977 ni wọ́n ṣí afárá náà. Ọkọ̀ kan ti kọlù ú rí ní 1980, èyí tó kéré gan-an sí Dali, kò sì bà á jẹ́ púpọ̀. Nígbà tí NTSB, àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá níbẹ̀, wá sọ̀rọ̀ ní 2025, wọ́n ní ká ní wọ́n ti fi irú ọkọ̀ tó ń kọjá lóde òní ṣe ìṣirò ewu afárá náà, wọn ì bá ti rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 30 ibi tó yẹ kó mọ. Wọn ò ṣe ìṣirò náà. Afárá ò yí padà, ọkọ̀ ló yí padà. NTSB tún tọ́ka sí afárá 68 mìíràn tó yẹ kí àwọn tó ni wọ́n lọ ṣe ìṣirò tiwọn.

Àwọn tó di òdo

Ibo tiẹ̀ ni wọ́n ti ń rí iye ọkọ̀ tí wọ́n ń kà? Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní AIS. Láti 2004 ni òfin àgbáyé ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tó bá tó gross tonnage 300 tó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn. Ó máa ń kéde orúkọ ọkọ̀, ibi tó wà, ibi tó dorí kọ àti eré tó ń sá. Àwọn ojú òpó orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń tọpa ọkọ̀, tí ẹ lè ṣí lórí fóònù yín, AIS ni ẹ ń wò níbẹ̀. Ó dùn ún wò, ọfà kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi ló ń wọ́ jọ síwájú Èkó. (Àwọn ọkọ̀ kan máa ń pa tiwọn nígbà mìíràn lápá ibí yìí nítorí ìbẹ̀rù ajalèlókun, àmọ́ ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.)

Ẹ wá wá ọkọ̀ apẹja Ìlàjẹ lórí ẹ̀rọ yẹn. Kò sí. Ẹ wá ọkọ̀ tó gbé mi lọ sí Tarkwa Bay. Kò sí.

Ká ní ọkọ̀ ńlá 20 gba ibì kan kọjá lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ apẹja 50 sì wà níbẹ̀. 20 lọ́nà 50, ọ̀nà 1,000 ni wọ́n fi lè pàdé. Tí ọkọ̀ ńlá bá di 40, ó di 2,000. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ AIS nìkan ni ẹni tó ń ṣe ìṣirò wò, 50 yẹn á di òdo lọ́wọ́ rẹ̀. 20 lọ́nà òdo, òdo ni. 40 lọ́nà òdo, òdo náà ni. Ìwé á jáde, á mọ́ tónítóní, máàpù aláwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé á wà nínú rẹ̀, kò sì ní sí apẹja kan ṣoṣo tó lè kú nínú ìwé náà.

Kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ ò mọ̀. Ní Britain, ẹni tó bá fẹ́ ri àwọn ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mọ̀nàmọ́ná mọ́ ojú òkun, ìlànà ní kó kọ́kọ́ ka ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 ó kéré tán, kó sì rí i pé ìgbà òtútù àti ìgbà ooru wà nínú ọjọ́ tó kà. Wọ́n ní AIS nìkan ò tó. Kó lo rédà, kó sì fi èèyàn síbẹ̀ tó máa fojú rí ọkọ̀ tí kò gbé ẹ̀rọ kankan. Etíkun tiwa tí ọkọ̀ pákó pọ̀ sí ni ìlànà yẹn ì bá tiẹ̀ ti wúlò jù. Tó bá kan tiwa, ìgbà tí wọ́n kà á ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá ka ọkọ̀ apẹja ní oṣù kẹjọ, nígbà tí òkun ń ru, tí ọ̀pọ̀ wọn fa ọkọ̀ sórí iyanrìn, á rí iye tó kéré gan-an sí ohun tó máa rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn náà sì ni ọyẹ́ máa ń bo ojú òkun.

Awakọ̀ wa ní òun lòun rí wọn. Ó mọ ohun tó ń sọ. SOLAS, àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, fi òdiwọ̀n sí bí ojú omi tí atukọ̀ kò lè rí níwájú ọkọ̀ rẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó: ìlọ́po méjì gígùn ọkọ̀ náà, tàbí mítà 500, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Ẹ tún un kà. Fún ọkọ̀ tó gùn ní mítà 300, òfin gbà á láàyè pé kí ẹni tó ń tù ú má rí ohunkóhun lójú omi fún ìdajì kìlómítà gbáko níwájú imú ọkọ̀, nítorí kọ̀nténà tí wọ́n tò síwájú rẹ̀. Tí ọkọ̀ náà bá ń sáré kìlómítà 22 ní wákàtí kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 81 ló máa fi gba inú ìdajì kìlómítà yẹn kọjá. Ẹni tó ń fa àwọ̀n sókè lásìkò yẹn kò ní lè tú u tán.

Tí wọ́n bá wá rí yín ńkọ́? Ọkọ̀ òkun ò ní bíréèkì. Ìlànà IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọkọ̀ òkun, ni pé tí ọkọ̀ tó wà lórí eré bá yí ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn pátápátá, kó dúró kó tó rìn kọjá ìlọ́po 15 gígùn ara rẹ̀. Fún ọkọ̀ mítà 300, kìlómítà mẹ́rin ààbọ̀ nìyẹn, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta Third Mainland Bridge lọ. Lọ́nà tóóró tó wọ Apápá, wọn kì í sáré tó bẹ́ẹ̀, páílọ́ọ̀tì tó mọ omi Èkó máa ń wà nínú ọkọ̀, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń fa ọkọ̀ ńlá sì máa ń dúró tì í. Níta lójú agbami, kò sí páílọ́ọ̀tì, kò sí ọkọ̀ tó ń fà á.

Rédà ńkọ́? Irin ni rédà fẹ́ràn. Pákó kì í dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, bí òkun bá sì ń ru, ìgbì fúnra rẹ̀ á máa yọ lójú ẹ̀rọ, ọkọ̀ pákó á sọnù sáàárín wọn.

Àwọn kan bi wá lórí ètò wa pé, lábẹ́ òfin, ta ló yẹ kó yà fún ẹnì kejì. Ìdáhùn náà ò ṣe é fi gbólóhùn kan sọ. Òfin ìrìnnà ojú òkun ti 1972 ní níta gbangba, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yà fún ọkọ̀ tó ń pẹja lọ́wọ́. Apẹja ló lẹ̀tọ́ọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀nà tóóró, òfin kan náà ní apẹja ò gbọ́dọ̀ dí ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́wọ́, ọkọ̀ tí kò sì gùn tó mítà 20 kò gbọ́dọ̀ dí èyí tó jẹ́ pé inú ọ̀nà yẹn nìkan ló ti lè rìn. Ìyẹn ni pé awakọ̀ Tarkwa Bay yẹn ṣe ohun tó tọ́ bó ṣe dúró. Ẹ̀tọ́ tí apẹja ní níta gbangba náà, àmì ló ń gbé e dúró lóru: iná pupa lókè, funfun nísàlẹ̀, tó ń sọ fún ọkọ̀ mìíràn pé àwọ̀n wà nínú omi. Ẹni tó bá ń fi tọ́ọ̀ṣì tàn-án-pa-á lè ní ẹ̀tọ́, àmọ́ ẹni tó yẹ kó yà fún un kò ní mọ̀.

Àwọ̀n tó já

Ìjàǹbá ńlá kì í wọ́pọ̀, ẹni tó bá ń dúró de ìyẹn kó tó kà á, ó ti pẹ́. Ohun tí wọ́n máa ń kà nílẹ̀ òkèèrè ni ìgbà tó kù díẹ̀, ìgbà tí ọkọ̀ méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlura tí wọn ò kọlura. Ní etíkun wa, ìgbà tó kù díẹ̀ ní orúkọ mìíràn, àwọ̀n tó já ni. Ọkọ̀ ńlá kọjá, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gé àwọ̀n, apẹja padà sílé pẹ̀lú àjákù. Owó ńlá lórí àwọ̀n, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń tún un ṣe, kì í sì í sí ẹni tí wọ́n máa bá ṣẹjọ́. Wọ́n á ráhùn ní etí omi, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọ̀n yẹn ti sọ ọjọ́, ó ti sọ aago, ó ti sọ ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ ńlá àti ọ̀nà apẹja ti gún ara wọn. Tí baálẹ̀ abúlé kan bá ní ìwé tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ìwé yẹn mọ ohun tí AIS ò mọ̀.

Ewu tún ní apá kejì tí mi ò tíì fọwọ́ kàn: bí nǹkan ṣe máa burú tó tó bá ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ apẹja tó dojú dé lè mú èèyàn mẹ́rin lọ. Ọkọ̀ epo tó fọ́ lè mú iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ. Ní oṣù kẹta 1967, Torrey Canyon gun orí àpáta ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn England pẹ̀lú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 119,000 epo rọ̀bì, epo náà sì dé etíkun England àti ti Faransé. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọ̀nà ọkọ̀ sí méjì ní Dover, láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, kí àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ má baà máa kojú ara wọn, bí ẹni ń pín títì márosẹ̀. Ìkọlù láàárín àwọn ọkọ̀ tó ń kojú ara wọn dín kù gidigidi.

Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fa ilà ọ̀nà lójú máàpù ní láti mọ ibi tí ẹja wà. Òfin òkun ti gbà kí orílẹ̀-èdè ya mítà 500 sọ́tọ̀ yí ohun tí wọ́n bá rì mọ́ ojú òkun fún epo ká, kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu. Síbẹ̀ ẹja máa ń fẹ́ràn abẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, apẹja sì mọ̀. Tí wọ́n bá lé e kúrò níbẹ̀, kì í lọ sílé lọ sùn, ìta ló ń bọ́ sí, níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń sáré. Ewu tí wọ́n yọ kúrò nínú ìwé kan ti wọ ìwé mìíràn, ìyẹn tó bá tiẹ̀ ní ìwé. Èrò tèmi ni pé ìṣirò tó bá dá ọkọ̀ ńlá nìkan sí kì í ṣe ìṣirò ewu, ìṣirò ìnáwó ilé iṣẹ́ adójútòfò ni.

Kí lẹ wá lè ṣe?

Ẹ̀yin apẹja, irin tó ń dá rédà padà wà lọ́jà, kò sì wúwo. Ẹ gbé e kọ́ sórí òpó, kó ga. Ẹ tan iná pupa àti funfun yẹn, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn kọ̀nténà kì í tètè gbọ́ yín padà. Ẹ̀yin tó ń wọ ọkọ̀ èrò, ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì so okùn rẹ̀, ẹni tó fi tiẹ̀ ṣe ìrọ̀rí kò wọ̀ ọ́. Tí awakọ̀ bá dúró de ọkọ̀ ńlá, ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu pé ẹ ti pẹ́. Ìjọba ti ní kí ọkọ̀ èrò má rìn lálẹ́ ní Èkó, ẹni tó bá fẹ́ gbé yín lẹ́yìn àsìkò, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 767 tàbí 112 ni kí ẹ pè.

Ẹ̀yin baálẹ̀ àti olórí ẹgbẹ́ apẹja, tí NPA, NIMASA tàbí ilé iṣẹ́ aládàáni kan bá pè yín sí ìpàdé lórí èbúté tàbí páìpù tuntun, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ béèrè: oṣù wo ni ẹ ka ọkọ̀, ta ló ka ọkọ̀ tiwa, ìgbà wo lẹ máa tún un kà? Tí wọ́n bá gbé máàpù síwájú yín, ẹ gba bírò, kí ẹ fi ibi tí ẹ ń da àwọ̀n hàn wọ́n.

Iṣẹ́ kan kan àwa náà. Ìkìlọ̀ tí wọ́n ń fún àwọn atukọ̀ nípa ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà tàbí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ omi, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń kọ ọ́, orí ẹ̀rọ VHF tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ apẹja ò ní ni wọ́n sì ń kà á sí. Èyí tó bá tẹ̀ wá lọ́wọ́, a ó máa kà á ní Yorùbá lẹ́yìn ìròyìn àárọ̀, kí ọkọ̀ tó jáde. Tí ọkọ̀ ńlá bá gé àwọ̀n yín, ẹ pè wá lórí ètò. Ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ aago, ẹ sọ ibi tó jẹ́. A ti ṣí ìwé kan fún un ní yàrá ìròyìn.